Mo Gbọ́ Nígbà Tí O Ní Kí N Yàgò

Jíddà,
Ọjọ́ Àìkú, nínú oṣù Ṣáábánì

Múínátù Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó máa bá ọ gbé nínú òtútù tí o wà yẹn. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé láti bi ọ́ bóyá ìbọ̀sẹ̀ méjì lò ń wọ̀. Èmi náà ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti kí ọ.

Jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń tì mí lójú. Lẹ́tà rẹ dé. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ti dé. Nígbà tí o pè wá lórí fóònù tí ìyá rẹ sọ fún ọ pé bóyá ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń fi nǹkan falẹ̀, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, irọ́ ni mo sì pa. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi níbi iṣẹ́ ní Bárà ni lẹ́tà náà wà, lábẹ́ àwọn ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ. Mo ti kà á débi pé mo mọ apá kan rẹ̀ sórí.

O ní ẹgbẹ́ síkì tí o ti ń bá ṣeré láti ìgbà tí o ti wọ yunifásítì fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, kí o máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bí a ṣe ń fi pákó gígùn méjì àti ọ̀pá méjì rìn nínú igbó yìnyín. O ní wọ́n ń retí ìdáhùn rẹ kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò fún ẹlòmíràn. O wá kọ gbólóhùn kan tó ń gún mi lọ́kàn títí di òní: "Bàbá, mi ò ní dá wọn lóhùn títí ẹ̀yin náà á fi dá mi lóhùn. Tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀ nílé, màá di ẹrù mi."

Mo mọ ohun tí o rò pé mò ń rò. Pé mo rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ọmọ fẹ́ di olùkọ́ eré yìnyín. Pé àwọn dókítà ọ̀rẹ́ mi yóò bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kí ni Múínátù ń ṣe báyìí, n ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, n ó máa wá ohun tí Yorùbá ń pè é. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ó sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí. Má sáré lọ wo ìparí o. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré ni o ti máa ń ka ìwé láti ẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn ni n ó kọ́kọ́ fún ọ, torí pé ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ti jìn sí kòtò púpọ̀ nínú eré yìí.

Mo tún gbà pé èmi ni mo fà á. Ta ló mú ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sí Bárà láàárọ̀ Jímọ̀, nígbà tí kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà ilé ẹran dídì tí mò ń bójú tó ẹ̀rọ rẹ̀? Ta ló lọ bá ajórin ará Yẹ́mẹ̀nì tó wà lódì kejì títì pé kó bá òun de táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé mọ́ pákó méjì? Ọkùnrin náà bi mí pé kí la fẹ́ fi ṣe. Mo ní ọmọ mi fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín. Ó gbójú sókè wo oòrùn tó ń jó wa lórí, ó wò mí, ó ní kí Ọlọ́hun fún mi ní ìwòsàn, ó sì mú irinṣẹ́ rẹ̀. O ṣubú lọ́jọ́ yẹn títí eékún rẹ méjèèjì fi bó, ìyá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Ní Jímọ̀ kejì, kí n tó wẹ̀ tán, ìwọ fúnra rẹ ti gbé pákó náà sínú ọkọ̀. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń gbóná, mo máa ń mú ọ wọ inú yàrá ẹran, o máa ń fi èékánná ha yìnyín tó lẹ̀ mọ́ páìpù, o máa ń ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyí?" Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn pọ̀ ju báyìí lọ.

Ìmọ̀ràn kìíní, ọ̀rọ̀ ìda tí a fi ń pa ìsàlẹ̀ síkì ni. Mo mọ̀ pé o ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ báyìí, ṣùgbọ́n fara dà á. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi nínú ẹgbẹ́ náà, nígbà tí èmi náà wà ní yunifásítì yẹn, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n fi pa ìsàlẹ̀ síkì, èyí tó le fún yìnyín gbígbẹ ni, àbí èyí tó rọ̀ fún yìnyín tó ti ń yọ́. Mo wo ohun tí olórí ẹgbẹ́ wa, Pétà, fi pa tirẹ̀, mo fi pa tèmi. Àárọ̀ ni Pétà sáré. Ọ̀sán ni wọ́n pè mí, oòrùn sì ti yọ. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń ga sí i, àfi bí ẹni tó wọ bàtà amọ̀. Àwọn tó ṣe irú àṣìṣe kan náà ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha á kúrò, wọ́n ń fi òmíràn pa á, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Èmi ò dúró. Mo rò pé gbogbo ojú tó wà nínú igbó yẹn ló ń wo ọmọ adúláwọ̀ kan ṣoṣo. Mo gbé ẹrù yìnyín yẹn dé ìparí. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń ká àsíá.

Nítorí náà, ìda tó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn láàárọ̀ lè má ṣiṣẹ́ fún ọ lọ́sàn-án. Fi ọwọ́ ara rẹ kan yìnyín. Tí o bá sì rí i pé o ti ṣì í yàn, dúró kí o ha á kúrò, ìbáà jẹ́ gbogbo ayé ló ń wò ọ́. Ohun tí mò ń sọ kọjá ìda o. Ó kan iṣẹ́, ó kan ọ̀rẹ́, ó kan ọkọ. Ìyá rẹ tó ń kọjá lẹ́yìn mi báyìí ní kí n kọ ọ́ pé kò kan ọkọ, pé ọkọ ni kí o yẹ̀ wò dáadáa kí o tó pa á mọ́ ẹsẹ̀. Ó ní bí o bá máa fẹ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kó jẹ́ Mùsùlùmí, kó sì jẹ́ ẹni tó lè jẹ ata. Mo ti kọ ọ́ báyìí kó lè jẹ́ kí n ráyè.

Ìkejì, sọ ẹni tí o jẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ràmàdáánì bọ́ sí àárín ìgbà ìdíje wa lọ́dún yẹn, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mò ń gbààwẹ̀. Ìyá kan wà tó máa ń se ọbẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìdíje. Nígbà tó gbé abọ́ tèmi dé, mo ní inú ń run mí. Ọkàn ìyá yẹn bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ro ògì aláìsàn fún mi, láìsí iyọ̀, láìsí ṣúgà. Kóòṣì mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà fún mi ní oògùn inú, mo gbà á, mo dúpẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń bi mí bí inú mi ṣe ń ṣe, tí ògì aláìníyọ̀ yẹn sì ń dúró dè mí nírọ̀lẹ́. Pétà ló bi mí níkẹyìn pé irú inú rírun wo ló máa ń san ní kété tí oòrùn bá wọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá ọlọ́bẹ̀ ń ya ọbẹ̀ tèmi sọ́tọ̀ láìfi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i, ó ń wo aago ju èmi fúnra mi lọ.

O rí i, wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èmi ni mo ṣe wọ́n bí ẹni pé wọ́n burú kí wọ́n tó la ẹnu. Má ṣe fi fìlà òtútù bo ìborí rẹ kí o máa rò pé o ti rí ọgbọ́n dá. Sọ fún àwọn òbí ọmọ tí wàá máa kọ́ pé Mùsùlùmí ni ọ́, sọ ìgbà tí wàá kírun, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fún ọ láyè. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn kí o tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Tí o bá kó àwọn ọmọdé wọ inú igbó, ẹ̀yìn ni kí o wà. Ọ̀dọ́ olùkọ́ máa ń fẹ́ ṣíwájú kí wọ́n lè rí bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yìn ìyá ọmọ sì ni àgbà tó rí orí náà máa ń wà. Kà wọ́n kí ẹ tó wọ igbó, kà wọ́n nígbà tí ẹ bá jáde. Tí ọ̀kan bá sì ṣubú, má ṣe sáré gbé e. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Lọ síwájú ọmọ náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú rẹ, kó fúnra rẹ̀ dìde wá bá ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọ ní Bárà. Mo ń bẹ̀rẹ̀ lórí kọnkéré gbígbóná, ìwọ ń pè mí ní ìkà.

Èmi tí mo jẹ́ àgbà, ẹ̀yìn ni mò ń wò láti bí ọgbọ̀n ọdún. Wàyí o, jókòó.

Nínú lẹ́tà rẹ, o kọ ohun mẹ́ta nípa ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa ọkọ̀ ńlá tí ń tẹ ojú ọ̀nà síkì fún yín. O ní òun ló bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́. O ní kò lè gbé apá òsì rẹ̀ kọjá èjìká, pé ó ní ṣíṣubú ni òun ṣubú nígbà èwe. O tún ní ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́ ẹgbẹ́ yín máa ń ké bí wọ́n bá fẹ́ kọjá lára ẹni tó wà níwájú, "Yágò! Yágò!", pé o rẹ́rìn-ín títí nígbà tí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí ó jọ Yorùbá tí ẹnì kan ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. O bi ọ̀gbẹ́ni náà pé níbo ni wọ́n ti rí i. Ó ní, "Béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ." O wá ń bi mí.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn ni Pétà. Èmi ni mo kọ́ wọn.

O mọ̀ pé ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn tó sì yá jù ọ́ lọ máa ń ké "Tíráàkì!", ẹni iwájú á sì yẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà fún un. Òfin eré náà nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ sí mi lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ pé, "Bàbá, ẹnì kan ké Tíráàkì lẹ́yìn mi, kí n tó mọ̀, mo ti yà. Mo rò pé mo wà ní Mẹ́kà, tí wọ́n ń ké Tàríìkì kí èèyàn lè yà lọ́nà ni." Ìyá rẹ ka ìyẹn fún gbogbo ènìyàn. Ní tèmi, nígbà tí Pétà kọ́kọ́ ké e lẹ́yìn mi, mo rò pé ó ń yìn mí ni, pé mo wà lójú ọ̀nà dáadáa. Mo juwọ́ sí i, mo ní o ṣeun, mo sì ń bá ìrìn mi lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan jókòó sínú yìnyín. Nígbà tí Pétà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní, áà, Yàgò nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé nílé wa ní Ìwó, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á ní "àgò o", ará ilé á ní "àgò yà", pé ẹni tó bá gbọ́ àgò tí kò dáhùn, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Ní ọdún yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń ké Yàgò nínú igbó, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ń wò wá.

Ọdún kẹta mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà náà. Pétà wà ní ọdún ìparí rẹ̀, ìdíje ọjọ́ yẹn ni wọn yóò sì fi mú àwọn tí yóò ṣojú àwọn yunifásítì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wa sílẹ̀. Èmi ni mo ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí á dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn, mo gbọ́ ìró síkì lẹ́yìn mi, ó ké "Tíráàkì!" Ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni gbogbo èrò ìwòran wà. Mo sọ lọ́kàn mi pé n ó yà tí a bá dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n kàn rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ yọ. Ó tún ké e. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá ké e lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó ké kẹ́yìn yìí ni mò ń gbọ́ títí di òní. Ó ní, "Yàgò!"

Ní èdè ìyá mi ló bá mi sọ ọ́, Àjọkẹ́. Mo gbọ́, n kò sì yà.

Ó jáde kúrò lójú ọ̀nà kí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹnu síkì rẹ̀ rì sínú yìnyín rírọ̀, mo sì gbọ́ nígbà tó kọlu igi. Mi ò dúró. Mo sáré dé ìsàlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló dúró tì í. Èjìká rẹ̀ yẹ̀, egungun rẹ̀ sì fọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú dípò rẹ̀ láti ṣojú àwọn yunifásítì.

Nígbà tí Kóòṣì bi í ní ilé ìwòsàn pé ṣé kò ké ni, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Pétà wò mí, ó ní, "Mo ké, ṣùgbọ́n èdè ni kò tíì yé e dáadáa. Ǹ bá má ti sáré kọjá." Kóòṣì gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n má dààmú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn ṣe ìdánwò, mo máa ń gba máàkì ju wọn lọ. Mo fi orí kọ́, mo dákẹ́. Kò sọ ọ́ mọ́ láéláé, èmi náà kò sọ ọ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí mi, mo wá sí Sáúdì, mo fẹ́ ìyá rẹ, mo bí ọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ mi ni òtítọ́ yóò gbà wá bá mi.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Mi ò fẹ́ kí o gba iṣẹ́ níbi tí wàá ti máa rí apá yẹn lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan wàá mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Ó rọrùn fún mi láti jẹ́ kí oṣù parí kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà, kí o sì rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fà á.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Màmá Tàndàbáwì, ìyá àgbà wa tó ń gbé ní Mẹ́kà, ní òun fẹ́ ṣe úmúrà kí Ràmàdáánì tó dé. Eékún màmá kò gbé wọn mọ́, èmi ni mo wá ń ti kẹ̀kẹ́ wọn láàárín Sọ̀fá àti Màríwà lẹ́yìn ìrun Alásárì. O mọ ọ̀nà tóóró àárín tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan wà níwájú wa níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, ó ń rìn bí ẹni tó ni ọ̀nà.

Mo ní, "Tàríìkì, yà Hájì." Kò yà. Mo tún un sọ, mo tún un sọ, ọ̀fun mi gbẹ.

"Bóyá kò gbọ́," mo sọ fún Màmá.

"Ó gbọ́," Màmá ní. "Wo ọrùn rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́, ọrùn rẹ̀ á máa yí síbí, á máa yí sọ́hùn-ún. Ẹni tó gbọ́ nìkan ni ọrùn rẹ̀ máa ń le báyẹn."

Ọwọ́ mi kúrò lára kẹ̀kẹ́. Mo mọ ọrùn yẹn. Omi ń bọ́ lójú mi láàárín gbogbo èrò yẹn, àwọn tó ń kọjá rò pé àdúà ló wọ̀ mí lára.

Nígbà tí a padà dé ilé wọn ní Tàndàbáwì, tí ọmọ wọn gbé tíì elẹ́wé wá, Màmá ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, mo sì sọ nípa lẹ́tà rẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún nìyẹn. Ìyá rẹ ni ìkejì, ìwọ ni ìkẹta. O mọ bí Màmá ṣe máa ń sọ̀rọ̀, Yorùbá tí bàbá wọn gbé fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé, tí wọ́n fi Lárúbáwá bù sí lórí.

"Yà wáládì, ìwọ ọmọkùnrin yìí," wọ́n ní, "ọmọ mẹ́rin ni mo bí sí ìlú yìí. Mò ń pè wọ́n ní Yorùbá, wọ́n ń dá mi lóhùn ní Lárúbáwá. Ó máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dáhùn. Ìwọ, ọmọ rẹ pè ọ́, o ò dá a lóhùn ní èdè kankan. Kàláàsì, ó tán. Mu tíì rẹ kí o lọ kọ̀wé."

Mo mu tíì, mo sì ń kọ̀wé.

Àpòòwé kejì wà nínú èyí. Pétà ló ni ín. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, mo sì rí i dájú pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, kó lè rí i pé èdè náà yé mi, pé ó yé mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ kankan, fún un. Ó lè bínú, ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ìbínú náà sì lè kàn ọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni kí o bá wí, má bá a wí. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó láti Ọjọ́bọ̀ pé ẹni tó bá kórìíra mi kò ní fi ọ̀rọ̀ ilé mi sẹ́nu àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ti ń dúró de ìdáhùn ni.

Ìwọ náà, bá mi tún ohùn ọ̀rọ̀ náà ṣe fún àwọn ọmọ yẹn. Yàgò ni, kì í ṣe Yágò. Kọ́ wọn pé ẹni tó bá ké e, kó fi sùúrù ké e, ẹni tó bá sì gbọ́, kó dáhùn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, mo sì ti gba tìrẹ àti ti Màmá pọ̀. Dókítà Ọlátúnjí tó ń rin ìrìn àjò bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́la ni n ó fi lẹ́tà yìí rán, kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oṣù tó tán. N kò tún fẹ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ bọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àjọkẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lo ti fi ń pè mí láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú sùúrù, láìgbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. O yá jù mí lọ, ojú ọ̀nà sì mọ́ níwájú rẹ. Mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti gbọ́ ọ.

Àgò yà. Máa kọjá, ọmọ mi.

Bàbá rẹ,
láti ẹ̀bá ọ̀nà.